Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ti dá wàhálà sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nílẹ̀ Benin níbí ni mo wà, ibi tá a ti ń ṣe jùúsì ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń kọ orúkọ àwọn tó bá wá síṣẹ́ sínú kàyé, ìyẹn ìwé tá a fi ń kọ nǹkan. Oṣù tó kọjá ọ̀gá wa ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ ìka sí, ó ní kí n gbé kàyé jù sílẹ̀, pé ẹ̀rọ kì í purọ́.

Àwọn ìyá tó ń bẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló kó sí wàhálà. Omi ẹ̀ ti jẹ ìka wọn, ó ti dán bí ẹ̀yìn ṣíbí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, iná pupa, wọ́n á fi ìró nu ọwọ́, wọ́n á tún un tẹ̀, iná pupa náà ni. Ìyá kan dé kí aago 7 tó lù, ojú mi ló ṣe, ìgbà tí ẹ̀rọ máa gbà ó ti di 7:20, nígbà tí owó oṣù dé wọ́n yọ 2000 sẹ́fà lára tiwọn. Ìyá yìí kàn wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó fọkàn tán ẹ̀rọ yẹn mọ́, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé ó ń gbọ́ ohun táwọn ń sọ. Ọ̀gá wá ní kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbà. Kí ni kí n sọ?

Ìyá Ìbejì, Kétu: Àbúrò mi, ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá ni wọn ò gbà gbọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá síbi tá a ń kó oògùn sí, oṣù 3 la fi ń kọ kàyé pẹ̀lú ẹ̀, tí méjèèjì bá ta kora a jọ máa lọ ka oògùn yẹn ni. Nígbà tá a rí i pé kọ̀ǹpútà ló máa ń tọ̀nà jù, àwa fúnra wa la pa kàyé tì.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ta ló ní ẹ̀rọ kì í purọ́? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Horizon ń sọ pé owó ò pé lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n pariwo títí pé àwọn ò jalè, láti 1999 sí 2015 wọ́n dá èèyàn tó lé ní 900 lẹ́bi, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin tó fagi lé ọ̀pọ̀ ìdájọ́ yẹn. Ẹ má pa kàyé yín tì o.

Bọ̀dá Wàńdó: Ẹ fi ìka kékeré ọwọ́ òsì wọn sí i, ìyẹn kì í sábà kan omi ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n á máa tẹ̀. Ẹ tún bi ọ̀gá yín ibi tí àwòrán ìka wọn ń lọ, Code du numérique, òfin ilẹ̀ Benin ti 2018 lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì, ń dáàbò bò ó, APDP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú, ní Kọ̀tọ̀nú ló ń rí sí i.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti tún gbé kàyé jáde. Lọ́la èmi àti ìyá yẹn la jọ máa lọ bá ọ̀gá, kí wọ́n tẹ ìka níwájú ẹ̀ kó fojú ara ẹ̀ rí i, màá sì béèrè 2000 wọn.