Kí ni kí n yọ kúrò lára pósítà mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì yunifásítì wa máa pàtẹ iṣẹ́ ìwádìí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, tèmi náà sì wà níbẹ̀! Mo ṣiṣẹ́ lórí bí rírẹ ẹ̀gẹ́ sómi ṣe ń dín májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀ kù. Màmá mi, tí wọ́n ń ṣe fùfú tà, máa wá. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fọwọ́ tẹ ẹ̀gẹ́ wò bóyá ó ti rọ̀. Pósítà A0 ni, sẹ̀ǹtímítà 84 sí 119, ọ̀rọ̀ sì ti kún un fọ́fọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí ni kí n yọ? Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà inú ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ́ kí májèlé náà tú jáde tá a bá rẹ ẹ́ sómi, tó máa fi yé màmá mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.