Ẹ̀yin tí wọ́n pín kọ̀ǹpútà fún ní kíláàsì, kí lẹ rí?

Ìyá Àríkẹ́: Ẹ̀yin ará, ilé-ìwé ọmọ mi ní ká ra laptop fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kí sáà tuntun tó wọlé. Kí n tó tọwọ́ bọ àpò, mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti jókòó sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ṣé ọmọ ń mọ̀wé sí i ni, àbí eré ló ń fi ṣe?

Ọmọ Òṣogbo: SS2 ni mo wà nígbà tí Ọpọ́n Ìmọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. 2013 ni ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Tablet ni, kì í ṣe laptop, ṣùgbọ́n ìwé wà nínú rẹ̀, ìbéèrè WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá wà níbẹ̀, kò sì dìgbà tí èèyàn bá ní íntánẹ́ẹ̀tì. Kó tó dé, àwa mẹ́rin là ń pín ìwé Kẹ́mísìrì kan kà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú un lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ ló ni ín títí di Mọ́ńdè. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni mo ti ń dáhùn ìbéèrè JAMB lálẹ́. Mo yege. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé kò wúlò.

Màmá Ìbejì: Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ṣáájì! Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ làwọn tèmi ti ń ṣáájì, 50 náírà lẹ́ẹ̀kan. Méjì ni mo sì bí lẹ́ẹ̀kan náà o.

Tíṣà Físíìsì: Mo wà níwájú kíláàsì nígbà náà. Ìṣẹ́jú 40 ni iṣẹ́ kan. Lọ́jọ́ Túsídeè kan mo ní kí wọ́n ṣí ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀. Bátìrì àwọn mẹ́sàn-án ti kú. Àwọn mẹ́fà ò mú tiwọn wá, torí bàbá wọn tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù nítorí olè. Kí wọ́n tó fi méjì-méjì jókòó ti ara wọn, ìṣẹ́jú 15 ti lọ. Kò sì sẹ́ni tó kọ́ àwa tíṣà bí a ó ṣe lò ó. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn kíláàsì tí kì í nawọ́ láéláé. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì: “Sà, wọ́n ní B ni ìdáhùn, D lèmi rí.” A jọ ṣe é lórí pépà. Òun ló gbà á, ìdáhùn tó wà níbẹ̀ ló ṣì. Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi kí n tó bọ́ bàtà.

Ọmọ Òṣogbo: Sà, bàbá kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, bàbá mi gan-an nìyẹn.

Àlàó: Ní Peru, wọ́n pín ju laptop 800,000 lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 2012, ìṣirò àti ìwé kíkà àwọn ọmọ tó gbà á ò sàn ju ti àwọn tí kò gbà lọ.

Màmá Ìbejì: Àlàó, ṣé o ti jókòó ní kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí? Ìrírí ni wọ́n ní ká sọ.

Ìyá Peckham: Níbí ní London, orí Chromebook, irú laptop kan, ni gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi wà. Bàbá mi máa ń yẹ ìwé wa wò lálaalẹ́, á fọwọ́ tẹ yíǹkì bóyá ó ti gbẹ. Kí ni kí èmi tẹ̀?

Olùkọ́ Yorùbá: Ohun tó dùn mí jù lẹ ò tíì dárúkọ yẹn. Àwọn ọmọ tó ń tẹ̀wé ti gbàgbé àmì. Ọ̀kan kọ “baba mi lo si oko”. Mo ní oko wo? Ọkọ̀ ló ní lọ́kàn!

Àlàó: Ẹ̀rọ ló fà á, wọn kì í fi àmì sí i.

Olùkọ́ Yorùbá: Rárá o. Ó wà lórí fóònù tí mo fi ń kọ èyí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mi.

Ọmọ Òṣogbo: Ní ti èyí, mo wà lẹ́yìn yín, Mà. Ṣùgbọ́n kí tablet tó dé, ìwọ̀nba wa ló ń fi àmì sí i lórí pépà.

Olùkọ́ Yorùbá: Kíláàsì ta ni? Nínú tèmi, ẹni tí kò bá fi àmì sí i, máàkì rẹ̀ ń lọ nìyẹn.

Ìyá Àríkẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Mọ́ńdè ni mò ń lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Màá bi í níbi tí wọ́n ti máa ṣáájì, àti ẹni tó kọ́ àwọn tíṣà. Mà, báwo ni wọ́n ṣe ń rí àmì yẹn lórí laptop?