Ẹ gbà mí o: ọkọ̀ onígbòkun ẹsẹ̀ bàtà 54, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá fún wa

Àkànní, Southampton: Ẹ̀yin ará, oorun ò kun ojú mi láti àná. Èmi àti ọ̀rẹ́ méjì la da owó pọ̀ fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun kan tí wọ́n kàn lọ́dún 1999. Ẹsẹ̀ bàtà 54 ni gígùn rẹ̀, 46 níbi tó ti kan omi, fífẹ̀ rẹ̀ 15 àbọ̀, tọ́ọ̀nù 17, ìgbòkun sq ft 1,200. A ti san ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí a bá kọ̀ ọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, owó wa á padà. Bó bá ti kọjá, ó di tiwa. Ẹni tó ń tà á ní kò sí ibi tí kò lè dé láyé. Surveyor wa, ẹni tó yẹ ọkọ̀ wò fún wa, kọ ọ́ pé "àmì díẹ̀" wà lẹ́yìn kíìlì, ohun wúwo abẹ́ ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kó dojú dé. Èwo wá ni àmì díẹ̀? Èkó la fẹ́ gbé e lọ, láti erékùṣù Canary sí erékùṣù Cape Verde títí délé. Ṣé ọkọ̀ agbami nìyí, àbí ti etí òkun?

Àlàbí, Plymouth: Àbúrò, fọkàn balẹ̀ ná. Wá square root 46, fi 1.34 lọ́po rẹ̀: nọ́ọ̀tì 9 nìyẹn, máìlì òkun 9 ní wákàtí kan, ibi tí eré rẹ̀ mọ. Má retí 9 lójoojúmọ́ o. Bí o bá ń rin máìlì 150 sí 170 láàárín wákàtí 24, dúpẹ́. Ìṣirò ìgbòkun sí ìwúwo rẹ̀, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe lè gbé e sáré tó, jẹ́ bíi 17, ó dáa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfìfo ni wọ́n wọ̀n sínú ìwé. Kó omi, dísẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró sí i, ó di tọ́ọ̀nù 20, 17 yẹn á já sí 15 lé díẹ̀. Ohun tó gba owó lọ́wọ́ mi nìyẹn ní 2016. Ọjọ́ tá a gbé tiwa jáde wò, táǹkì gbẹ, ọkọ̀ ń fò bíi lékeléke. Ìgbà tá a di ẹrù tán tá a kọjá Finisterre ní Spain, tí afẹ́fẹ́ ò ju nọ́ọ̀tì 10 lọ, ó jókòó sómi bí ìyá àgbà lórí àpótí. Ọjọ́ 3 gbáko la fi ẹ̀ńjìnnì rìn.

Àjọkẹ́, Annapolis: Ẹ fi ìṣirò ìdojúdé kún un, èyí tó ń fi fífẹ̀ àti ìwúwo wò bóyá ọkọ̀ lè tètè dojú dé; ó jáde lẹ́yìn ìdíje ọkọ̀ onígbòkun Fastnet 1979 tí atukọ̀ 15 bá lọ. Kó má ju 2 lọ ni. Tiẹ̀ jẹ́ 1.85. Ó yege.

Àlàbí, Plymouth: Àǹtí, ẹ má bínú, ìṣirò yẹn ò mọ ibi tí ẹrù wà. Ẹ gbé tọ́ọ̀nù 3 lé orí òrùlé ọkọ̀ kan náà, kẹ́ ẹ tún un ṣe: 1.75 ló máa fún yín, bí ẹni pé ọkọ̀ tún sàn sí i! Kó béèrè AVS, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ lè fẹ̀gbẹ́ dé kó tó kọ̀ láti dìde mọ́. Òfin gba dígírì 100 fún ọkọ̀ tó wúwo tó báyìí. Èmi ò ní gbé ọmọ mi wọ èyí tí kò tó 120. Kó sì wo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn, bóyá A ni wọ́n kọ síbẹ̀. A ni ti ìjì tó ju Force 8 àti ìgbì tó ju mítà 4 lọ.

Ọmọ Ayétòrò, Portsmouth: Ẹ ń ṣírò, kíìlì ńkọ́? Àkànní, fetí sílẹ̀. A ra tiwa lọ́dún 2012, ìwé survey tí ẹni tó tà á ti ṣe sílẹ̀ la lò, a fẹ́ fowó pamọ́. Ọdún kejì, a gbá iyanrìn lẹ́yìn Isle of Wight. Gbì! Ìgbà tí omi kún, ó gbé wa kúrò, a bá tiwa lọ. A ò gbé e sókè wò. Ìgbà tá a máa gbé e, ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ló wà lẹ́yìn kíìlì, omi ìpẹtà ń sun jáde bí epo pupa lára kẹ́ẹ̀gì. Surveyor mú òòlù oníke, ó ń kàn án bí ìyá tó ń ra igbá lọ́jà. Iwájú dún kó, kó, kó. Ẹ̀yìn dún bọ̀ọ̀, bọ̀ọ̀. Fáíbà inú ti ṣí kúrò lára ikùn ọkọ̀. Pọ́n-ùn 14,000 ló bá a lọ.

Ẹ rántí ọkọ̀ onígbòkun Cheeki Rafiki ní oṣù Karùn-ún 2014. Antigua ló ti ń bọ̀ wá sí Southampton. Kíìlì já lágbami, àwọn mẹ́rin ò délé. Ọkọ̀ yẹn ti gbálẹ̀ rí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àjọkẹ́, Annapolis: Ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n ìwé olówó pọ́ọ́kú yẹn gan-an ni àṣìṣe. Ta ló ń fi ojú ẹni tó ń tajà ra ọjà?

Ọmọ Ayétòrò, Portsmouth: Rárá, ìyá mi. Ìwé yẹn ò parọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Gbígbá tá a gbá ilẹ̀ tá ò yẹ̀ ẹ́ wò, òun ni.

Àlàbí, Plymouth: Mo wà lẹ́yìn Àǹtí. Surveyor tiyín ì bá ti rí ìlà ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ayétòrò, Portsmouth: Kò sí ìlà tẹ́lẹ̀! Ọwọ́ mi ni mo fi kun abẹ́ ọkọ̀ yẹn.

Àṣàkẹ́, Salvador: Ẹ fi jà sílẹ̀. Ọ̀nà Èkó ni kẹ́ ẹ bá a sọ. Láti Cape Verde lọ, omi Guinea ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, á máa tì yín, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò lágbára. Ibẹ̀ ni 15 tàbí 17 ti máa hàn. Àbọ̀ ló le: omi dojú kọ yín, afẹ́fẹ́ dojú kọ yín. Ẹ bi oní-ìnṣọ́ránsì léèrè kẹ́ ẹ tó gbéra, nítorí àwọn olè ojú omi. Bí ẹ bá sì ń kúrò ní Èkó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kọjá equator, ẹ wá bá mi jẹ àkàrà ní Bahia.

Àkànní, Southampton: Ẹ ṣeun, mà. Ìlú ọlọ́kọ̀ la wà, a máa dé.

Àjọkẹ́, Annapolis: Ìlú ọlọ́kọ̀ wo? Ẹ wá wo Annapolis ní oṣù Kẹwàá tí wọ́n bá ń pàtẹ ọkọ̀.

Ọmọ Ayétòrò, Portsmouth: Chesapeake, omi yín yẹn, tí jíjìn rẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ ní ìpíndọ́gba? Omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun! Southampton náà, ẹ̀yìn Portsmouth ni wọ́n ń tò sí.

Àkànní, Southampton: Omi wa kún, ó tún dúró kí ẹ fi ráàyè gbé ọkọ̀ jáde. Ta ló tún ní irú ẹ̀?

Ọmọ Ayétòrò, Portsmouth: Ní tòótọ́, omi wa nílé ni mo ń rò. Àpò ìyẹ̀fun ni bàbá mi rán pọ̀ ṣe ìgbòkun ọkọ̀ wọn. Kò sí ìṣirò kankan. Wọ́n á ki ọwọ́ bomi, wọ́n á wojú ọ̀run, wọ́n á ní ká lọ tàbí ká má lọ. Ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ yẹn mọ́, òkun ti gbà á.

Àṣàkẹ́, Salvador: Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi. Tèmi, òórùn ẹja ṣáwá lórí ààrò ni. Mo ń gbọ́ ọ nígbà míì bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Àlàbí, Plymouth: Àkànní, ṣé o ti ṣí pákó tó wà lórí bóòtù tó kẹ́yìn, irin tí wọ́n fi de kíìlì mọ́ ọkọ̀?

Àkànní, Southampton: Mo ṣí i nísinsìnyí. Mo rí ìlà kan. N ò mọ̀ bóyá ọ̀dà ló là ni àbí fáíbà. Wọ́n ń ti géètì màrínà. Mo ti fóònù surveyor, kò gbé e.

Ọmọ Ayétòrò, Portsmouth: Má san kọ́bọ̀ kún un. Mo ní òòlù oníke. Aago méje àárọ̀ ọ̀la, mo wà ní géètì.