Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kọ́ nípa obìnrin àti jẹ́ńdà

Akẹ́kọ̀ọ́-bọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí ààyè ní yunifásítì láti kọ́ nípa obìnrin àti jẹ́ńdà, ìyẹn ohun tí àwùjọ ń retí lọ́wọ́ ọkùnrin àti obìnrin, àmọ́ ẹ̀kọ́ náà ò ní dípátímẹ́ńtì tirẹ̀. Inú ìtàn, òfin, ìlera àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ti ń ṣa kọ́ọ̀sì rẹ̀ jọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ máa tọ́ gbogbo nǹkan wò láìyó. Ṣé kí n ṣe òun nìkan, àbí kí n so ó mọ́ nǹkan míì? Bàbá mi náà ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi í ṣe.

Òǹkà: Àbúrò, kú oríire. So ó mọ́ nǹkan míì. Statistics, ìyẹn ìmọ̀ kíkó iye jọ àti títú u palẹ̀, ni mo so tèmi mọ́, n ò kábàámọ̀. Wo oògùn oorun tí wọ́n ń pè ní zolpidem. Láti 1992 tí wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, iye kan náà ni tọkùnrin tobìnrin ń lò. Ó di 2013 kí àjọ tó ń rí sí oògùn níbẹ̀ tó ní kí wọ́n gé ti obìnrin sí ìdajì, láti mílígíráàmù 10 sí 5. Ilẹ̀ á mọ́, obìnrin á ti wà nídìí mọ́tò, oògùn ò tíì tán lára rẹ̀. Onímọ̀ oògùn á ṣàlàyé èyí fún ọ. Onímọ̀ ìtàn ló máa rán ọ létí pé àjọ kan náà ló ní kí wọ́n yọ obìnrin tó lè lóyún kúrò nínú ìdánwò oògùn ìpele ìbẹ̀rẹ̀ ní 1977. O nílò àwọn méjèèjì.

Kò-sí-kánjú: Ẹ̀gbọ́n Òǹkà, ẹ má bínú, nǹkan kan ṣáájú ìyẹn. Àyálò ni olùkọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Dípátímẹ́ńtì míì ló ni wọ́n. Tí iṣẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀, kọ́ọ̀sì tìrẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ jù sílẹ̀. Torí kọ́ọ̀sì kan lórí obìnrin àti ilẹ̀ ni mo ṣe gba ilé-ìwé kan. Ọdún mẹ́rin, wọn ò kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan! Táìmù-tébù ọdún méjì tó kọjá ni kó o béèrè, má wo ìwé pẹlẹbẹ. Bi wọ́n pé ta ni yóò bójú tó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ. Tí wọ́n bá ń wojú ara wọn, sá.

Lọ́yà-ọ̀la: Kimberlé Crenshaw tó mú ọ̀rọ̀ intersectionality wá ní 1989, ìyẹn bí ìyà obìnrin àti ìyà aláwọ̀ dúdú ṣe lè pàdé lára ẹnì kan, amòfin ará Amẹ́ríkà ni. Obìnrin aláwọ̀ dúdú márùn-ún pe ilé-iṣẹ́ mọ́tò kan lẹ́jọ́; ní 1976, adájọ́ ní wọ́n lè rojọ́ pé torí àwọn jẹ́ obìnrin ni, tàbí torí àwọn jẹ́ dúdú, àmọ́ wọn ò lè pa méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ihò tó wà nínú òfin. Sọ fún bàbá pé iṣẹ́ wà ní àjọ ìlera, ilé ìròyìn àti ọ́fíìsì tó ń rí sí òṣìṣẹ́, tí irinṣẹ́ míì bá ti wà lọ́wọ́ rẹ.

Àwòyé: Yẹ ìwé tí wọ́n ń kà wò. Tí Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ Yorùbá, ò bá sí níbẹ̀, béèrè ìdí. Láti 1997 ló ti ń jà á pé ipò àgbà ló ṣáájú ọ̀rọ̀ akọ-n-bábo láwùjọ Yorùbá àtijọ́: "ó" ò sọ akọ tàbí abo, "ẹ̀gbọ́n" ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ọ̀pọ̀ ò gbà fún un, àríyànjiyàn ọ̀hún sì dùn.

Akẹ́kọ̀ọ́-bọ̀: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ̀wé béèrè táìmù-tébù. Bàbá mi ka ti oògùn oorun yẹn. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn dìde, wọ́n lọ wo páálí oògùn màmá mi.