Ìrora láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀: ǹjẹ́ ìtọ́jú osteopathy lè ràn mí lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìrora kan máa ń ti ìdí mi sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀yìn itan dé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún, a máa ta mí bí iná, bí mo bá sì jókòó pẹ́, ẹsẹ̀ náà á kú. Dókítà ní sciatica ni, ìyẹn ìrora iṣan ìmọ̀lára tó ti ẹ̀yìn gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Ṣé kí n lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ osteopathy, àwọn tó ń fi ọwọ́ tọ́jú oríkèé àti ẹran ara, àbí yóò dá kún un?

Èsì kìíní: Ẹ pẹ̀lẹ́, ara á yá. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Iṣan ìmọ̀lára tó ń dùn yín yìí ló nípọn jù lọ nínú ara. Lọ́pọ̀ ìgbà, kèrékèré àárín egungun ẹ̀yìn ló yọ síta tó sì ń ni gbòǹgbò rẹ̀ lára, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹran ìdí ló le tó fún un pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ kò ní í kàn máa tẹ ibi tó ń dunni. Yóò kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, yóò gbé ẹsẹ̀ yín sókè ní nínà, yóò sì dán agbára rẹ̀ wò, kó tó máa fi ọwọ́ rọ ẹran ara tó le, kó sì máa mi oríkèé ẹ̀yìn àti ìbàdí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò ti kèrékèré padà sáyè rẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́. Ìrora ni ọwọ́ wa lè dẹ̀, kí ìrìn lè rọrùn nígbà tí ara ń wo ara rẹ̀ sàn, èyí tó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Èsì kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ọwọ́ nìkan kò tó. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ìlera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2016 sọ pé eré ìmárale gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Èsì kẹta: Ẹ jọ̀wọ́, bí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà lára yín, bí àárín itan méjèèjì bá kú, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ osteopathy.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Kò sí èyíkéyìí níbẹ̀ tó ń ṣe mí. Ṣé kí n ṣì máa dùbúlẹ̀ títí tí n ó fi rí oníṣẹ́ osteopathy?

Èsì kìíní: Rárá o, ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn gan sí i. Ẹ máa rìn níwọ̀nba tí ara gbà, kí ẹ sì máa dìde lórí ìjókòó lóòrèkóòrè.