Báwo ni kí n ṣe kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 nípa ike wẹ́wẹ́ inú òkun láì kó ìpayà bá wọn?

Àǹtí Tíṣà, Èbúté Mẹ́ta

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2, ilé ìwé wa kò sì jìnnà sí etí ọ̀sà. Ní tẹ́ẹ̀mù yìí, mo fẹ́ kọ́ wọn nípa ike tó ń ba òkun jẹ́, pàápàá àwọn wẹ́wẹ́ tí kò tó mílímítà 5. Ike ńlá ò ní wàhálà, gbogbo wọn ló ń rí i. Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, ọ̀rá piọ́ wọ́tà àti ike mínírà á dí gọ́tà iwájú ilé ìwé wa pa. Ohun tí wọn ò tíì mọ̀ ni pé àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kì í jẹrà. Oòrùn á sá a títí á fi gan, ìgbì á máa gbá a mọ́ iyanrìn, á máa rún sí wẹ́wẹ́. Kò ní yọ́ sómi bí iyọ̀. Bó ti wù kó kéré tó, ike náà ni.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹnu bà á, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, ṣé májèlé wà nínú ẹja tí màmá mi ń tà ni?" Òyìngbò ni màmá rẹ̀ ti ń tajà. Gbogbo kíláàsì bá yíjú sí i. Mo ṣèlérí pé a máa padà sórí ìbéèrè yẹn, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Òbí tó pọ̀ nínú kíláàsì yìí, wọ́n ń ta omi, ẹja tàbí oúnjẹ. Mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan délé kó máa wo ọjà ìyá rẹ̀ bí ohun ìtìjú. Mi ò sì fẹ́ parọ́ fún wọn.

Kí ni mo lè fi hàn wọ́n tí ojú wọn á fi rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n kó wọn lọ sí etí òkun Tarkwa Bay ni? Kí sì ni kí n sọ nípa ẹja?

Tíṣà Àgbà, Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Àǹtí. Ẹ má tíì kó wọn lọ síbì kankan. Bàsíà omi kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ike omi kan tó ti ṣófo. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé lára rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kó má ju èékánná ọmọdé lọ. Ẹ gé ìdérí rẹ̀ náà, ẹ sì gé ọ̀rá piọ́ wọ́tà kan mọ́ ọn. Kí ẹ tó dà wọ́n sómi, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ èyí tó rò pé ó máa rì sínú ìwé rẹ̀. Kí wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn ri gbogbo rẹ̀ mọ́ inú omi, kí wọ́n pa á lára dáadáa kí afẹ́fẹ́ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìdérí á léfòó, ọ̀rá á léfòó, ara ike yẹn á lọ sí ìsàlẹ̀ bàsíà. Irú ike kan tí wọ́n ń pè ní PET ni wọ́n fi ṣe ara ike omi, ó wúwo ju omi lọ. Ohun tí wọ́n fi ṣe ìdérí àti ọ̀rá fúyẹ́ ju omi. Ike kan ṣoṣo tí ọmọ rà lẹ́nu géètì, apá kan ń bẹ lójú omi, apá kan ń bẹ nísàlẹ̀. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí èyí, á yé e pé ìdọ̀tí tó ń léfòó lábẹ́ Third Mainland Bridge kọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀sà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá mú iyanrìn òkun. Ẹ da iyọ̀ sínú omi títí tí kò fi ní yọ́ mọ́, bíi gíráàmù 360 sí lítà 1. Ẹ da iyanrìn sí i, ẹ rò ó, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀. Iyanrìn á rì, ọ̀pọ̀ ike wẹ́wẹ́ á gòkè wá. Ara ike omi ò ní gòkè nínú omi iyọ̀ yẹn pàápàá, nítorí náà ẹ jẹ́ kó yé wọn pé iye tí wọ́n bá kà, ó kéré sí iye tó wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Bàrígà

Àǹtí, mo kí yín o. Mo máa sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ má bínú sí mi.

Piọ́ wọ́tà ni mò ń tà. Ẹ̀rọ omi ìjọba ò yọ ládùúgbò wa, gbogbo yín lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá wá délé tó ní tíṣà sọ pé ọ̀rá omi burú, kí ni kó máa mu? Ẹ̀yin tíṣà, ẹ máa ń kọ́ wọn ní ìdajì ọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ wọn pé ẹni tó rà á ló jù ú sí gọ́tà, kì í ṣe ẹni tó tà á. Ẹ kọ́ wọn pé ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé àwọn àdúgbò míì, ìyẹn ló fà á tí àwọn èèyàn fi ń dúró de òjò láti da ìdọ̀tí sí kánáálì. Ẹ sì sọ fún wọn pé owó ni ọ̀rá tó ṣófo. Àpò ni mò ń kó tèmi jọ sí, ẹni tó ń rà á á wá, á gbé e sórí òṣùwọ̀n, á sanwó kílò tó bá jẹ́. Ó ń lọ tún un ṣe ni.

Àǹtí Tíṣà, Èbúté Mẹ́ta

Ìyá Ìbejì, inú mi ò bí rárá, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yín ti yí nǹkan kan padà nínú ètò mi. Mo ti fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ọ̀nà tí ọ̀rá kan gbà láti gọ́tà wa dé kánáálì, dé ọ̀sà, kó kọjá Marina àti Àpápá, kó gba Commodore Channel, ìyẹn ẹnu ọ̀sà, bọ́ sí òkun. Ní báyìí, mo máa ní kí wọ́n sàmì sí gbogbo ibi tí èèyàn ti lè dá a dúró lójú ọ̀nà, kí àpò yín àti òṣùwọ̀n ẹni tó ń rà á sì wà nínú àwòrán náà.

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ fèsì sí.

Ẹ sọ fún ọmọbìnrin yẹn, níwájú gbogbo kíláàsì bó ṣe béèrè é, pé màmá rẹ̀ ò ta májèlé fún ẹnikẹ́ni. Inú ìfun àti àpòlúkù ẹja ni ike wẹ́wẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń rí máa ń pọ̀ sí jù, ìyẹn la sì ń yọ dànù nígbà tí a bá ń la ẹja. Edé ló yàtọ̀, torí odindi la ń lọ̀ ọ́ mọ́ ata. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ edé o. Ẹja àti edé ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó fi ń rí èròjà amáradàgbà jẹ, ọmọ tí ìbẹ̀rù bá mú kó ṣíwọ́ jíjẹ ẹja ti pàdánù ohun tó dájú nítorí ohun tí ìwádìí ò tíì parí lé lórí.

Kì í sì í ṣe ẹja nìkan ló ń gbé e wọ ara wa. Wọ́n ti rí i nínú omi inú ike, nínú iyọ̀, nínú afẹ́fẹ́ inú ilé. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Netherlands kéde pé nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn 22 tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n rí ike nínú ti 17. Ẹ lè sọ èyí fún wọn, ọmọ JSS 2 kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìyókù náà: rírí i nínú ẹ̀jẹ̀ kò túmọ̀ sí pé a ti mọ àìsàn tó ń fà. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹ ọ̀rọ̀ omi mímu wò ní 2019, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì fi hàn pé ó léwu fún ìlera ní ìwọ̀n tí wọ́n ń rí i, wọ́n sì ní kí ìwádìí máa tẹ̀ síwájú. Bí ọmọ bá béèrè pé, "Àǹtí, kí ló máa wá ṣe fún wa?", ẹ sọ fún un pé wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀, òun náà sì lè di ọ̀kan lára àwọn tó máa wádìí rẹ̀. Mo rò pé ìdáhùn tó níyì nìyẹn.

Bàbá Apẹja

Ẹ kú ọgbọ́n o. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, etí omi Bàrígà ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Lásìkò òjò, bí a bá fa àwọ̀n sókè, ọ̀rá inú rẹ̀ lè ju ẹja lọ. Ó tún máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì á kú sórí omi. Ó di kéèyàn tẹ̀ ba sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, kó máa gé e díẹ̀díẹ̀. Kò sí apẹja tí kò mọ ìyà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi wá sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Òwú ni wọ́n fi ń hun àwọ̀n nígbà àwọn bàbá wa àgbà. Náílọ́ọ̀nù ni tiwa. Bí àwọ̀n òwú bá já sómi, ó máa jẹrà. Èyí tí a ń lò báyìí, bó bá já, á wà nísàlẹ̀ omi á máa mú ẹja tí ẹnì kankan ò ní kó. Àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí, kí wọ́n má rò pé àwọn èèyàn orí ilẹ̀ nìkan ló ń ṣe é.

Nípa Tarkwa Bay, mo bẹ̀ yín, ẹ má kó gbogbo kíláàsì wọ ọkọ̀ lásìkò yìí. Afẹ́fẹ́ òjò ò ṣeé bá ṣàdéhùn. Kí àgbà díẹ̀ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lọ bu iyanrìn wá. Níbi tí òkun gbá pàǹtí jọ sí lókè ni kí wọ́n ti bù ú, kì í ṣe níbi tó tutù létí omi.

Ọmọ Akọ́kà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n fi díẹ̀ kún ti bàbá wa Tíṣà Àgbà, torí irú iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe ní yunifásítì.

Ẹ má fi asẹ́ ike sẹ́ iyanrìn, òun náà á máa bó sínú rẹ̀. Asẹ́ onírin ló dára, tàbí ajọ̀ gaàrí. Ẹ wo yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ náà: bí pólísítà, ìyẹn fọ́nrán tí wọ́n fi ike ṣe, bá wà nínú rẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ á máa já bọ́ sínú omi, wọ́n á sì rò pé láti òkun ló ti wá. Ẹ ní kí àwọn tó máa rò ó wọ aṣọ òwú lé e, àǹkárá tó jẹ́ ògidì òwú tó. Kí ẹ sì gbé abọ́ omi mímọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ohun tí ẹ bá bá nínú abọ́ yẹn nígbà tí ẹ bá parí, inú kíláàsì ló ti wá. Àwọn ọmọ fẹ́ràn apá yìí gan-an, torí ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé aṣọ náà jẹ́ ike.

Bó bá jẹ́ iyanrìn etí ọ̀sà lẹ lò, ẹ ṣọ́ra fún lẹ́bú pákó. Ọdún gbọọrọ ni lẹ́bú fi wọ ọ̀sà láti Òkòbàbà, ó sì máa ń léfòó bí ike. Bí ẹ bá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́, lẹ́bú máa ń rún, ike kì í sábà rún. Abẹ́rẹ́ tí a yan níná máa ń mú kí ike yọ́, kò lè yọ́ igi. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ ṣe ìyẹn o, kì í ṣe àwọn ọmọ. Èyí tó bá jọ ìkarahun, ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i: ìkarahun á máa yọ ìfóòfó kéékèèké, ike ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kan tún wà tí ẹ lè sọ fún wọn. Ní 2004, Richard Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí jáde lórí ike wẹ́wẹ́ yìí. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ọkọ̀ ojú omi ti ń sẹ́ jọ láti nǹkan bí 1960 ni wọ́n padà lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ike inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Àwọn tó kó o jọ ò mọ̀ pé ẹnì kan máa wá ike nínú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Torí náà, ẹ má da iyanrìn ọdún yìí nù. Ẹ rọ díẹ̀ sínú ìgò onígíláàsì, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti bù ú sí i lára, kí kíláàsì tó ń bọ̀ lè fi wé tiwọn.

Ọ̀gbẹ́ni Súrùlérè

Ẹ má gbàgbé òfin. January 2024 ni ìjọba Èkó kéde pé àwọn fòfin de fóòmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Nígbà tó di July 1, 2025, wọ́n fi sitirọ́ọ̀, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ike, pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún un. Ẹ rán àwọn ọmọ kí wọ́n lọ wo ohun tí olóúnjẹ àdúgbò wọn fi ń di oúnjẹ báyìí, kí wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n béèrè bó ṣe ń náwó lé e. Ìdáhùn á pọ̀.

Àǹtí Tíṣà, Èbúté Mẹ́ta

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Bàsíà la máa fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹja ló máa tẹ̀ lé e, kí ọmọbìnrin yẹn má dúró pẹ́ kó tó gbọ́ ìdáhùn. Kí a tó dé orí iyanrìn, màmá rẹ̀ á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi, torí èmi fúnra mi máa lọ bá a ní Òyìngbò. Omi tí a bá lò tán, aṣọ asẹ́ ògì la máa fi sẹ́ ẹ kí a tó dà á nù.

Bàbá Apẹja, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ráàyè wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́rú, aago 10 àárọ̀? Bí ẹ bá lè mú àjákù àwọ̀n kan dání, inú wọn á dùn.

Bàbá Apẹja

Mo máa wá. Méjì ni mo máa mú wá: ti náílọ́ọ̀nù, àti ti òwú kan tó jẹ́ ti bàbá mi. Ẹ ṣáà ní kí wọ́n má fà á, ó ti gbó.