Lórí "àlọ́ onítàn" àti "ìtàn ìwáṣẹ̀": orúkọ wo ni ó yẹ àwọn ìwé Arthur?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Orúkọ tí a ń wá ni ti irú ìwé kan tí ó pọ̀ ní Bìrìtéènì, èyí tí òǹkọ̀wé ti máa ń mú ìtàn akọni àtijọ́, pàápàá ti Arthur, tí yóò sì tún un sọ nínú ìwé mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ayé gidi. Ẹnì kan dábàá "àlọ́ onítàn". Olùkọ́ wa kan sì fara mọ́ "ìtàn ìwáṣẹ̀ àtúnsọ". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Apàlọ́ kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó gba òun gbọ́. Ìjàpá kò ní ọdún, kò sì ní ìlú tí a lè walẹ̀ wò. Ìtàn ìwáṣẹ̀ ní tirẹ̀ ń sọ bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì bá ìtàn Brutus mu dáadáa: nínú ìwé tí Geoffrey ará Monmouth fi èdè Látìn kọ ní nǹkan bí ọdún 1136, Brutus yìí, tí ìran rẹ̀ ti ìlú Troy wá, ni ó tẹ erékùṣù náà dó, tí a sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ẹni tí ó bá ti ka ohun tí Samuel Johnson kọ nípa Odùduwà àti Mẹ́kà yóò dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Arthur kò tẹ ilẹ̀ kankan dó. Ogun ni ó jà. Àrọ́bá ni tirẹ̀, èyí tí àwọn baba wa sọ pé bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá.

Ẹ jẹ́ kí a tọpasẹ̀ àrọ́bá náà. Ìjọba Róòmù kúrò ní Bìrìtéènì ní nǹkan bí ọdún 410. Gildas, àlùfáà tí ó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kẹfà, sọ̀rọ̀ nípa ogun Badon, níbi tí àwọn ará Bìrìtéènì ti ṣẹ́gun àwọn Saxon tí ó wá láti òkè òkun, láì dárúkọ Arthur rárá. Historia Brittonum, ìwé ìtàn àwọn ará Bìrìtéènì tí a kọ ní nǹkan bí ọdún 829, ni ó ka ogun méjìlá fún un, ó sì sọ pé òun pẹ̀lú àwọn ọba ilẹ̀ náà ni wọ́n jọ dojú kọ àwọn Saxon, ṣùgbọ́n òun ni ó ń ṣe olórí ogun. Balógun nìyẹn lédè wa. (Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tún kọ "ìtàn àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì" mọ́: àwọn Saxon tí Arthur ń bá jà wà lára baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì.) Geoffrey ni ó sọ ọ́ di ọba aṣẹ́gun tí ń gba ilẹ̀ kiri, Wace, akéwì èdè Faransé, fi tábìlì róbótó kún un ní 1155, Chrétien de Troyes, akéwì Faransé mìíràn, sì mú ìfẹ́ Lancelot, jagunjagun Arthur, àti ayaba wọ inú rẹ̀, kí Malory, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, tó kó wọn jọ sínú ìwé tí Caxton, atẹ̀wé, tẹ̀ ní 1485.

Aṣọ ńlá tí Malory wọ̀ fún un yìí ni àwọn òǹkọ̀wé òde òní ń bọ́. Bernard Cornwell, tí ìwé mẹ́ta rẹ̀ jáde láàárín 1995 sí 1997, kò fi Arthur jọba. Balógun tí ó ń ṣọ́ adé fún ọba tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé ni ó fi ṣe. Ṣáájú rẹ̀, Mary Stewart ti fi ìtàn náà sí ẹnu Merlin, oṣó Arthur, nínú ìwé mẹ́ta, ní 1970, 1973 àti 1979, kí ó tó kọ ìkẹrin lórí Mordred, ọmọ Arthur, ní 1983. Idán lè wà níbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà Róòmù tí koríko ti bò àti òkè olódi bíi ti South Cadbury ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí i láàárín 1966 sí 1970 pé a tún odi rẹ̀ mọ lẹ́yìn tí Róòmù lọ, ni ó ń gbé irú ìtàn báyìí ró.

Ọ̀pọ̀ yín yóò sọ pé "ìtàn àròsọ ajẹmọ́tàn" ti wà nílẹ̀. Ó wà, mo sì ń lò ó. Nígbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí ó kú ní 1874 ni ó gbé sórí ìtàgé. Ìtàn wà tí eré náà jẹ mọ́, a sì lè jiyàn bóyá ó ba obìnrin náà lórúkọ jẹ́. Ta ni yóò fi ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan ẹni tí ó kọ̀wé lórí Arthur? Ìgbà rẹ̀ ni ẹ̀rí wà fún, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, ìgbà náà sì ni òǹkọ̀wé di mú ṣinṣin. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "ìtàn àròsọ ajẹmọ́gbà". Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí ìtàn tí kò ní ìgbà, kí ó rántí pé nígbà tí a bá ní "ìgbà Kírìjì", gbogbo wa mọ̀ pé sànmánì tí ó ti kọjá ni a ń sọ.

Ní ti orúkọ tí a ó pe ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó jọ sọ ìtàn kan, "ọ̀wọ́" tó. "Ìtàn àtẹ̀léra" yẹ ohun tí ó ń jáde nínú ìwé ìròyìn, bíi lẹ́tà Sẹ̀gilọlá nínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930.

Ó ku Geoffrey fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ní ìwé àtijọ́ kan ni òun túmọ̀, tí òpìtàn William ará Newburgh sì pè ní òpùrọ́ kí ọ̀rúndún kejìlá tó parí. Kò pe iṣẹ́ rẹ̀ ní àròsọ, àwa náà kò sì lè pè é ní ìtàn. "Àrọ́bá asọdìtàn" ni mo fi sílẹ̀ fún un, bí ẹ kò bá rí i pé ó sún mọ́ "àsọdùn" jù.